Ìbéèrè àti ìdáhùn: báwo ni South Africa ṣe ń gbé sáyẹ́ǹsì, díísù àti oúnjẹ lọ sí Antarctica lọ́dọọdún

Tí ọ̀rọ̀ Antarctica bá ti délẹ̀, pẹńgúìnì àti òtútù lèèyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ó dáa, a máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi o, ohun tó máa ń dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù: ta ló gbé díísù débẹ̀, ta ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ta ló ń kó pàǹtírí kúrò, torí tí gbogbo ìyẹn ò bá lọ bó ṣe yẹ, kò sí sáyẹ́ǹsì tẹ́nikẹ́ni máa rí ṣe níbẹ̀. Ti South Africa ni mo mú, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa ni wọ́n, ìbéèrè táwọn èèyàn wa sì sábà máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí.

Kí ni SANAE tí wọ́n ń sọ yìí gan-an?

SANAE ni ìkékúrú South African National Antarctic Expedition, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pe ibùdó tí ìjọba South Africa kọ́ sí Antarctica. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni SANAE IV, ìyẹn ìkẹrin, ó parí ní 1997. Orí àpáta kan tó yọrí jáde láàárín yìnyín ni wọ́n kọ́ ọ sí, Vesleskarvet lorúkọ àpáta náà, ó wà ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Queen Maud Land, ó sì jìn sí etí òkun tó ohun tó lé ní 150 kìlómítà. Lọ́dọọdún ni ikọ̀ tuntun máa ń lọ, tí ikọ̀ èṣí á sì padà wálé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ o. Ìparí 1959 ni ikọ̀ àkọ́kọ́ gbéra, Hannes la Grange ni olórí wọn, ibùdó táwọn ará Norway fi sílẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé. South Africa nìkan ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní ibùdó níbẹ̀ títí dòní.

Ṣé South Africa ló wá ni ilẹ̀ ibẹ̀ ni?

Rárá. Ká ní ẹ bi Norway, wọ́n á ní tàwọn ni Queen Maud Land. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní Dìsẹ́ńbà 1959, orílẹ̀-èdè 12 jókòó sí Washington, South Africa wà nínú wọn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tó bá ń sọ pé ilẹ̀ tòun ni, kó fi ọ̀rọ̀ náà síbi tó wà, ẹni tí ò bá sì gbà, kó má gbà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ jà. Kò sí iṣẹ́ ológun níbẹ̀ àfi kí sójà ṣèrànwọ́ fún sáyẹ́ǹsì, kò sí pé ẹnì kan ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò, ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá sì rí, kí gbogbo ayé rí i. Júùnù 1961 ni àdéhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ti wọ inú ẹ̀ báyìí lé ní 50.

Ẹ rántí pé ìjọba apartheid ló fọwọ́ sí ìwé yẹn fún South Africa o. Èyí máa wúlò nígbà tá a bá dórí ọ̀rọ̀ káfútẹ́ẹ̀nì ọkọ̀ nísàlẹ̀.

Epo rọ̀bì àti góòlù ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n ń wá?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè! Àdéhùn míì tí wọ́n ṣe ní Madrid ní 1991, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, ti fòfin de wíwa ohunkóhun jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀, àfi èyí tó bá jẹ́ ti ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Irọ́ kan wà tó ń káàkiri pé àdéhùn yẹn máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2048. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé látọdún yẹn lọ, orílẹ̀-èdè kan nínú àwọn tó ń dìbò lè ní káwọn jókòó tún un yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtiyí i padà le gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀?

Ọkọ̀ òkun ni. S.A. Agulhas II lorúkọ ẹ̀, Finland ni wọ́n ti kàn án, ní ìlú Rauma, ó sì dọ́wọ́ ìjọba South Africa ní 2012. Mítà 134 ni gígùn ẹ̀, ó lè gbé bí ọgọ́rùn-ún èrò yàtọ̀ sáwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ibi tí hẹlikọ́pítà méjì máa ń sùn wà nínú ẹ̀, láàbù wà níbẹ̀, kíréènì wà níbẹ̀, ọ̀nà kan tiẹ̀ wà láàárín ikùn ọkọ̀ tí wọ́n lè gbà sọ irinṣẹ́ sínú òkun láìjáde síta. Ó lè fọ́ yìnyín tó nípọn tó mítà kan. Kì í ṣe pé ayùn wà níwájú ẹ̀ o, imú ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó lè gorí yìnyín, ìwúwo ọkọ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ fọ́, á sún sẹ́yìn, á tún gorí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ.

Cape Town ló ti ń gbéra, nínú Dìsẹ́ńbà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì, ìrìn náà lé ní 4,000 kìlómítà, bí ojú òkun bá rọ̀ wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, bí ò bá rọ̀ ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà ọ̀nà yẹn ni pé kò sí ilẹ̀ tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró ní apá ìsàlẹ̀ ayé yẹn, ẹ̀fúùfù á kàn máa yí ayé po ni, ìgbì á sì máa ga sí i, ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ kìnnìún ní yunifásítì, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa wà níbi tó ti ń bì.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n lè lọ?

Torí yìnyín ojú òkun. Láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà, òkun tó yí Antarctica ká máa ń dì débi pé yìnyín orí ẹ̀ lè fẹ̀ tó mílíọ̀nù 18 kìlómítà níbùú lóròó, ẹ lọ wò ó, ìyẹn ju gbogbo ilẹ̀ Antarctica fúnra ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa di Fẹ́búárì, èyí tó pọ̀ jù ti yọ́, ohun tó kù kì í sábà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Nínú àlàfo yẹn lọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé, kó já ẹrù, kó gbé àwọn tó fẹ́ padà, kó sì jáde kí yìnyín tó tún padì mọ́ ọn.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé yìnyín ló ń pàṣẹ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Èèyàn lè fi ọdún mẹ́ta wá owó ìwádìí, kó gba gbogbo ìwé àṣẹ, kó wá dé etí yìnyín, kí ìjì jẹ ọjọ́ mẹ́rin nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fún un. Kò sẹ́ni tó máa dá ọkọ̀ dúró nítorí ẹ̀, torí díísù tí àwọn tó máa sùn síbẹ̀ máa fi gbóná ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, ìwádìí tẹ̀ lé e.

Wọn ò kúkú wọ bàálù?

Wọ́n ń wọ̀ ọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ní ibùdó ní Queen Maud Land pawọ́ pọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DROMLAN, bàálù ńlá máa ń gbéra ní Cape Town, á balẹ̀ sórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ́ bí ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ ibùdó àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Novolazarevskaya, tàbí ní Troll tó jẹ́ ti Norway, lẹ́yìn náà bàálù kékeré tó ní pátákó lẹ́sẹ̀ dípò táyà á pín àwọn èèyàn káàkiri. Wákàtí díẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, bàálù mélòó lẹ máa fi gbé epo ọdún kan, kọ̀ǹténà oúnjẹ, àti ẹ̀yà ara katakata? Èèyàn ni bàálù wà fún, ẹrù di ti ọkọ̀ òkun.

Ẹrù ṣe ń ti etí òkun dé orí àpáta yẹn?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Kò sí èbúté níbẹ̀, kò sí etíkun oníyanrìn. Ògiri yìnyín ni, ilẹ̀ yìnyín tó léfòó lórí òkun tó sì so mọ́ orí ilẹ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ á fimú sún mọ́ ọn, kíréènì á wá máa gbé ẹrù látorí ọkọ̀ sórí yìnyín, tí ibi tí wọ́n fẹ́ já a sí bá lanu tàbí tí yìnyín ojú òkun ò bá jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n á ṣí lọ síbòmíì, tàbí kí hẹlikọ́pítà máa so ẹrù mọ́ okùn lábẹ́ ara ẹ̀ máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹrù bá ti wà lórí yìnyín, ó di iṣẹ́ katakata. Àwọn katakata tó ń rìn lórí ṣéènì ni, kì í ṣe táyà, àti àwọn PistenBully tí wọ́n ń lò fún títẹ́ òjò dídì ní Yúróòpù, wọ́n á so àwọn pátákó gbọọrọ tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn ẹ̀, kọ̀ǹténà lórí èyí, táǹkì díísù lórí ìyẹn, wọ́n á wá máa wọ́ ọ lọ sókè láìdúró. Ìrìn náà kì í yá, ihò tí òjò dídì bò lójú sì wà lọ́nà tó lè gbé katakata mì, nítorí náà ojú ọ̀nà kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni wọ́n máa ń tọ̀, wọn kì í yà bàrá. Lálẹ́ kọ́ ni wọ́n máa ń dúró o, torí kò sí alẹ́ nígbà yẹn, oòrùn ò ní wọ̀. Ẹni tó bá rẹ̀ á sùn, ẹlòmíì á gba ìdarí.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ni ọ̀gá nínú ikọ̀ yẹn, màá ní mẹkáníìkì díísù ni. Àwọn dókítà onísáyẹ́ǹsì á bínú sí mi, kò burú.

Kí ló dé tí ilé wọn fi wà lórí ẹsẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi owó kọ́ ni. SANAE kìíní, kejì àti kẹta, orí yìnyín tó léfòó ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn sí, òjò dídì ń rọ̀ lé wọn lórí lọ́dọọdún, kì í yọ́, nígbà tó yá ilé ti wọlẹ̀, àkàbà lèèyàn fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀, ìwúwo yìnyín sì ń rún ògiri pa. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ ìkẹrin ni wọ́n lọ sórí àpáta, wọ́n pín in sí ilé gbọọrọ mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, wọ́n gbé e sókè lórí ẹsẹ̀ irin bí ilé àwọn ará Ìlàjẹ tó wà lórí omi, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá kó máa gbá òjò dídì lọ dípò kó máa kó o jọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Àwọn ará Britain tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò lọ́ọ̀ọ́kán gbé tiwọn gba ọ̀nà míì. Halley VI ní ẹsẹ̀ tó ń ga sókè fúnra ẹ̀, pátákó tó ń yọ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ìgbà tí yìnyín tó wà lórí ẹ̀ ń la, wọ́n fi katakata wọ́ gbogbo ilé náà lọ sí kìlómítà 23 sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín 2016 sí 2017. Ilé odindi o.

Iná àti omi ńkọ́?

Jẹnẹrétọ̀, kí la tún fẹ́ sọ. Díísù tí wọ́n pò kó má báa dì nínú òtútù ni wọ́n ń lò, ooru tó bá sì ń jáde lára ẹ́ńjìnnì wọn kì í jẹ́ kó ṣòfò, òun ni wọ́n fi ń mú ilé àti omi gbóná. Omi wá jẹ́ awàdà kan: ibi tí wọ́n wà yẹn, yìnyín ayé ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí ìdá 90 nínú 100 gbogbo yìnyín orí ilẹ̀ ayé wà ní Antarctica, síbẹ̀ omi mímu ò sí. Àfi kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì sínú ẹ̀rọ kan tó máa yọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ló ń kó o, dókítà, ẹnjiníà, ọ̀gá ibùdó, kò sẹ́ni tó ju iṣẹ́ ṣọ́bìrì lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ pẹ́, ẹ lọ kó òjò dídì púpọ̀ sí i.

Kí ni wọ́n ń jẹ?

Ẹran dídì, ìrẹsì, ẹ̀wà, páàsítà, àgolo, oúnjẹ gbígbẹ, fíríìsà sì ni ohun tó rọrùn jù láti ní níbẹ̀. Àwọn ará South Africa ò sì lè ṣe kí wọ́n má sun ẹran síta, wọ́n ń ṣe é nínú òtútù yẹn náà. Ohun tó máa ń wọ́n ni ewébẹ̀ àti èso tútù, torí tí èyí tí ọkọ̀ kó wá bá ti tán, ó di ìgbà tọ́kọ̀ bá tún dé. Àwọn ará Jámánì dán nǹkan kan wò ní ibùdó wọn Neumayer III ní 2018: wọ́n gbé kọ̀ǹténà kan lọ, wọ́n ń gbin lẹ́tíùsì, tòmátò àti kùkúḿbà sínú ẹ̀ láìsí iyẹ̀pẹ̀, láìsí oòrùn, iná gílóòbù nìkan, ohun tí wọ́n ká nínú ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ lé ní igba kílò.

Ìgbẹ́ àti pàǹtírí ńkọ́?

Wọ́n ń kó pàǹtírí padà wálé. Ẹ ò ṣì í gbọ́. Páálí, àgolo, bátìrì, epo jóná, ike, wọ́n á ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má gbàyè, ọkọ̀ tó gbé ẹrù lọ ló máa gbé e padà sí Cape Town. Omi ìdọ̀tí àti ti ilé ìgbẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Àdéhùn Madrid ló pa á láṣẹ. Òun náà ló lé ajá kúrò níbẹ̀: látọdún 1994 kò sí ajá kankan mọ́ ní Antarctica, nítorí àìsàn tó lè ràn àwọn ẹranko ibẹ̀.

Kí wọ́n tó wọkọ̀ pàápàá, wọ́n á yẹ bàtà àti aṣọ yín wò, wọ́n á fa ìdọ̀tí inú àpò aṣọ jáde torí hóró koríko kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ lè di igbó síbi tí kò yẹ.

Àwọn wo ló ń sùn síbẹ̀ títí ọdún á fi yí po?

Bí èèyàn mẹ́wàá péré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n lè tó ọgọ́rin, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti lọ, mẹ́wàá yẹn ló kù: dókítà kan, mẹkáníìkì díísù, ẹnjiníà iná, ẹnjiníà ẹ̀rọ, ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, ẹni tó ń tọ́jú rédà, àti onífísíìsì. Ẹ kà wọ́n dáadáa, àwọn tó ń jẹ́ kí ilé má kú pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe ìwádìí lọ. Kọ́ńtráàtì wọn máa ń lé ní ọdún kan, wọ́n sì máa ń kọ́ wọn ní pípa iná, ìtọ́jú pàjáwìrì, àti bí wọ́n ṣe ń fi okùn fa èèyàn jáde nínú ihò yìnyín kí wọ́n tó lọ. Láàárín oṣù Méè sí Júláì, oòrùn ò ní yọ rárá fún bí oṣù méjì.

Tí àìsàn bá kọlu ẹnì kan láàárín ìgbà yẹn ńkọ́?

Yàrá iṣẹ́ abẹ kékeré wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, sátẹ́láìtì wà tí wọ́n lè fi bá àwọn dókítà àgbà sọ̀rọ̀ nílé. Ìṣòro ni tó bá jẹ́ dókítà gan-an lara ẹ̀ ò yá. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní Novolazarevskaya tá a dárúkọ lókè, ní 1961: dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Leonid Rogozov, ẹni ọdún 27, àpẹ́ńdíìsì ẹ̀ wú, kò sí dókítà míì, bàálù ò lè wá nítorí ìjì. Ó fún ara ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ akunnilára, ó la ikùn ara ẹ̀, dírẹ́bà ibùdó ń bá a di dígí mú, ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ ń na irin iṣẹ́ sí i. Ó lo bíi wákàtí méjì dín díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọn kì í jà?

Èèyàn mẹ́wàá, ilé kan, ojú kan náà fún oṣù mẹ́wàá. Wọ́n ń jà. Ní Máàṣì 2025 ó tiẹ̀ di ìròyìn káríayé, pé ẹnì kan nínú ikọ̀ SANAE IV kọ í-meèlì sílé pé òun ń bẹ̀rù ọmọ ikọ̀ kan tó ti lu ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká ní South Africa ní orí iṣẹ́ kan tó gbára lé ojú ọjọ́, tí wọ́n yí àkókò ẹ̀ padà, ni aáwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yẹ orí gbogbo wọn wò kí wọ́n tó lọ o. Lójú tèmi, èyí ni apá tí kò sí ẹni tó tíì rí ojútùú ẹ̀ tán nínú gbogbo ètò yìí. Ẹ́ńjìnnì tó bá bàjẹ́, ẹ̀yà ara ẹ̀ wà ní sítọ́ọ̀.

Ó dáa, sáyẹ́ǹsì wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?

Ó pọ̀, àmọ́ màá mú mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ti òfúrufú. Oòrùn kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń fi ránṣẹ́ sí wa, àwọn nǹkan tíntìntín tó ní iná mànàmáná nínú náà ń tú jáde lára ẹ̀, agbára òòfà ilẹ̀ ayé sì ń darí wọn lọ sí apá àríwá pátápátá àti gúúsù pátápátá. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń wọlé, ìdí ayé ló gbọ́dọ̀ lọ jókòó sí. SANAE IV ní rédà kan tó jẹ́ ara àwọn rédà SuperDARN tó wà káàkiri ayé, tó ń wo bí afẹ́fẹ́ oníná òkè yẹn ṣe ń rìn. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán tó ń wá láti òde òfúrufú, àwọn ará North-West University ló ni ín, wọ́n sì ti ń kà á ní SANAE láti àwọn ọdún 1960. Àǹfààní ibi tí wọ́n wà ni pé ó sún mọ́ apá ibi tí òòfà ayé ti rẹ̀wẹ̀sì jù, lórí Òkun Àtìláńtíìkì gúúsù, ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì ti sábà máa ń níṣòro. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré: ní Máàṣì 1989, ìjì láti ara oòrùn pa iná gbogbo Quebec ní Kánádà fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ òfúrufú South Africa, SANSA, ní ọ́fíìsì ní Hermanus tó ń kìlọ̀ fún Áfíríkà nípa irú ìjì yẹn, GPS àti rédíò bàálù wà lára ohun tó lè dà rú.

Ìkejì ni ti òkun, èyí kì í dúró dé ibùdó, látìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Cape Town ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa gba omi, wọ́n á máa wọn iyọ̀ àti ooru ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á máa ju àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó sínú òkun tó máa ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ránṣẹ́ gba orí sátẹ́láìtì. Nínú gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tiwa tí òkun ayé ń gbé mì, bí ìdá 40 nínú 100 ló jẹ́ pé òkun gúúsù yìí ló gbé e mì. Bí kò bá gbé e mì mọ́ ńkọ́? Ìbéèrè tó ń lé oorun lójú wọn nìyẹn. Ní 2019 wọ́n tiẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ nígbà òtútù gan-an, torí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ yẹn ni ìròyìn ò sí.

Ìkẹta ni ti àwọn ohun ẹlẹ́mìí orí àpáta: ewédò, àwọn kòkòrò tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Kì í wọ ìròyìn, pẹńgúìnì ti gba gbogbo kámẹ́rà.

Ṣé béárì funfun kì í pa wọ́n jẹ?

Kò sí béárì ní Antarctica. Àríwá ayé ni wọ́n wà. Pẹńgúìnì náà ò sí lókè lọ́hùn-ún. Wọn ò mọ ara wọn.

Mo gbọ́ pé wọ́n ní erékùṣù náà, kí ló wà níbẹ̀?

Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń lọ sí Marion Island ní nǹkan bí Éépírì, àti Gough Island ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Marion jẹ́ ti South Africa láti 1947, Gough jẹ́ ti Britain, àmọ́ àwọn ará South Africa ló ń wo ojú ọjọ́ níbẹ̀ láti 1956. Ìtàn Marion dà bí àlọ́ ìjàpá. Àwọn ọdẹ ẹranko òkun gbé eku débẹ̀ láìmọ̀. Ní 1949 wọ́n kó ológbò márùn-ún lọ kó lè máa pa eku ilé. Ológbò di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n pa eku tì, ẹyẹ ni wọ́n ń jẹ. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi pa ológbò tán, 1991 ló parí. Eku wá ku òun nìkan, ó pọ̀ sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ ẹyẹ albatross láàyè, ẹyẹ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Ètò tó wà nílẹ̀ báyìí ni láti fi hẹlikọ́pítà da májèlé sórí gbogbo erékùṣù náà. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ ní Gough ní 2021, eku tún yọjú kí ọdún tó parí.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ yìí ló rí ọkọ̀ Shackleton?

Òun ni. Endurance, ọkọ̀ tí Ernest Shackleton, ará Britain tó ń rìnrìn àjò ìwádìí, gbé lọ sí Antarctica, rì sínú Weddell Sea, òkun kan lẹ́bàá ibẹ̀, ní Nòfẹ́ńbà 1915 lẹ́yìn tí yìnyín fún un pa. Ní ọjọ́ karùn-ún Máàṣì 2022, ikọ̀ kan tó wà lórí S.A. Agulhas II rí i ní ìsàlẹ̀ omi, mítà 3,008, kẹ̀kẹ́ ìdarí ẹ̀ ṣì dúró, orúkọ ẹ̀ ṣì hàn gbangba lẹ́yìn. Wọ́n ya fọ́tò, wọn ò fọwọ́ kàn án, òfin ò gbà á. Káfútẹ́ẹ̀nì tó tukọ̀ débẹ̀ ni Knowledge Bengu, ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di káfútẹ́ẹ̀nì ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín. Ẹ wá rántí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ní 1959.

Kí ló kan ará Èkó nínú gbogbo èyí?

Omi. Tí gbogbo yìnyín Antarctica bá yọ́, òkun ayé á ga sí i ní bíi mítà 58, kò sẹ́ni tó ní ìyẹn ń bọ̀ láìpẹ́, àmọ́ yìnyín Thwaites nìkan, ní apá ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀, tó bá dà tán, ó lè fi kún òkun tó bíi sẹ̀ǹtímítà 65. Victoria Island àti Lekki ò ga ju omi lọ púpọ̀. Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú táwọn Ìlàjẹ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ lọ, ohun tó fà á ju ẹyọ kan lọ, kì í ṣe Antarctica nìkan o, àmọ́ omi tó ń ga sí i kì í dín wàhálà kù.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè lọ?

Nàìjíríà ò tíì fọwọ́ sí àdéhùn Antarctica, kò sì ní ibùdó. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà sùn síbẹ̀ fún ọdún kan, South Africa ló ń polówó ẹ̀ fáwọn ará ilé wọn. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jù ni yunifásítì: Cape Town, Stellenbosch, Pretoria, Rhodes, North-West, gbogbo wọn ló ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sórí ọkọ̀ yẹn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe máàsítà tàbí PhD nípa òkun, ojú ọjọ́, físíìsì òfúrufú tàbí ẹyẹ òkun, kó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà tààrà kó bèèrè bóyá iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ ní àyè lórí ọkọ̀. APECS náà wà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí àríwá àti gúúsù ayé, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ mẹkáníìkì díísù, iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìgbélùú lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.